Mo san ₦150,000 kí ẹṣin lè fetí sí mi

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀hún, ẹṣin tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ wo ewúrẹ́ kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Èmi ni mo di okùn rẹ̀ mú, èmi ni mò ń pe orúkọ rẹ̀, mo tiẹ̀ pòṣé sí i. Ewúrẹ́ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe dé ìdí ẹṣin. Tíṣà ni mí, kíláàsì kẹrin nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bàámi ló máa ń gun ẹṣin nínú ẹbí wa lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Bàámi ti lọ. Nínú àwọn àbúrò mi ọkùnrin, ọ̀kan wà ní London, ọ̀kan wà ní Houston, ẹ̀kẹta ní ẹ̀yìn ń ro òun. Olórí ẹbí wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ ò ṣe gùn ún, Tíṣà?” Ìgbà tí mo gun ẹṣin kẹ́yìn, ọmọ ọdún méjìlá ni mí, Bàámi ló sì mú ìjánu dání.

Bí mo ṣe wá ilé ẹlẹ́ṣin lọ nìyẹn, ní oṣù kárùn-ún 2025. Ọgbà náà wà ní ìpẹ̀kun ìlú. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la jọ ṣàdéhùn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, wákàtí kan lójúmọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹṣin kan ṣoṣo ni mo sì máa lò títí di ọjọ́ ọdún. ₦150,000. Owó yíyá ẹṣin lọ́jọ́ náà gan-an tún wà lọ́tọ̀, owó koríko àti èérí bàbà lọ́tọ̀. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹṣin á mọ̀ ọ́, ọ̀sẹ̀ kejì, wàá gùn ún, ọ̀sẹ̀ kẹta, ìlù, ìbọn àti èrò. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dára. Bí mo bá ní kí n máa fi máàkì sí i, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni. Ọkùnrin tó kọ́ mi, Málàm la máa ń pè é, èmi náà ó ń pè mí ní Hàjíyà. Mi ò tí ì dé Mẹ́kà rí, àmọ́ Hàjíyà ni mò ń jẹ́ lọ́hùn-ún títí a fi parí. Fàrí, ìyẹn “funfun” lédè Haúsá, ni wọ́n sọ ẹṣin náà nítorí àwọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrẹ̀ oṣù kárùn-ún kì í jẹ́ kéèyàn rí i. Nígbà tí Málàm ti wo èmi àti ewúrẹ́ tó, ó ní, “Hàjíyà, fi ojú ẹ̀ sílẹ̀. Etí ni kó o wò.”

Etí Fàrí méjèèjì nà sí ewúrẹ́ ganboro. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé etí ẹṣin lè yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé ọ̀kan lè kọjú síwájú kí èkejì kọ sẹ́yìn, àti pé ibi tí etí bá kọ sí ni ọkàn rẹ̀ wà. Málàm ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu pé mo fẹ́ gba gbogbo ẹṣin. Etí kan péré ni kí n gbà ná.

Mo fa okùn. Fàrí fà á padà, ta ló lágbára nínú àwa méjèèjì? Málàm gba okùn lọ́wọ́ mi. Kò fà á rárá. Ó rìn lọ sí ọ̀gangan ìdí ẹṣin náà, ó fi ìdí okùn júwe síbẹ̀ díẹ̀, ó di dandan kí Fàrí gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kó lè yí. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ báyìí ni etí òsì yà wá sọ́dọ̀ Málàm. Lójú ẹsẹ̀ yẹn ló dẹ okùn, ó dúró jẹ́ẹ́, ó mí kanlẹ̀. Ewúrẹ́ ké, etí tún padà lọ. Málàm tún rìn. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, nígbà tó sì tó bí ẹ̀ẹ̀kẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀keje, ewúrẹ́ ké, etí ò yẹ̀ mọ́.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe ni àkókò tó yẹ kí n dẹ okùn. Inú dídẹ yẹn ni ẹṣin ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Bó o bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì pẹ́, ó ti gbé orí sókè, ó ti tún ń wo ọ̀nà, o wá dẹ okùn fún un. Ọ̀nà tó wò yẹn lo yìn ín fún. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rántí gbogbo ọmọ tí mo ti pàtẹ́wọ́ fún lẹ́yìn tó ti gbàgbé ohun tó ṣe.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í gbé ojú kúrò ní fèrèsé. Bí mo bá jágbe mọ́ ọn, á wò mí fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó tún di fèrèsé. Àmọ́ bí mo bá ní kó dìde pín ìwé fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ọkàn ẹ̀ á wà lọ́dọ̀ mi títí aago á fi lù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo gbé. Mo sọ ọ́ fún Málàm, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n mú ọmọ náà wá kó wá gbálẹ̀ ilé ẹṣin.

Ó tún fi ibi tí mo máa ń dúró sí hàn mí. Mo ti sọ ọ́ di àṣà láti lọ dúró níwájú ẹṣin gangan, kí n máa bá iwájú orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ bíi pé alága ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà; ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, àfi ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìdí. Ibi tí kò ti rí mi ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wò mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, èmi àti ọ̀gá ilé ìwé wa ti fa ọ̀rọ̀ kan láàárọ̀, mo dé ọgbà tinú mi ń hó. Fóònù ń dún lápò mi. Fàrí ò dúró lójú kan. Málàm na ọwọ́, ó gba fóònù, ó sọ ọ́ sínú garawa òfìfo, ó ní, “Ìwọ gan-an ò sí níbí.” Ó bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ó rán mi létí ẹṣin kan tó wà ní Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Hans lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó ni ín, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pé ó mọ ìṣirò: bi í pé mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ mélòó, á fi pátákò lu ilẹ̀ nígbà méje. Àwọn èèyàn ń wọ́ lọ wò ó. Ní 1907, Oskar Pfungst, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà, tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò: bí ẹni tó bèèrè kò bá mọ ìdáhùn, Hans náà kì í mọ̀ ọ́n. Oníbèérè ló ń wò. Bí iye bá ti pé, ara oníbèérè á yẹ̀ díẹ̀ láìmọ̀, ẹṣin á dá ẹsẹ̀ dúró. Mo láwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ń dáhùn, wọn kì í wo pátákó, ojú Tíṣà ni wọ́n ń wò: “Méje... mẹ́jọ...” Bí Hans bá lè rí orí tó mì bíńtín, ṣé Fàrí ò ní rí i pé ọ̀gá ilé ìwé ni mò ń bá jà nínú ikùn mi?

Ìjánu ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Irin tí wọ́n fi sí Fàrí lẹ́nu wúwo, ó mú, mo sì rí ọgbẹ́ ní igun ẹnu rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń lò ó látilẹ̀ nìyẹn, pé bí ìjánu ò bá le, ẹṣin ò ní gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí eyín ń dùn, kí ló fẹ́ gbọ́ nínú ìwàásù? Ọjọ́ méjì la fi fà á kí wọ́n tó fún mi ní èyí tó fúyẹ́, Fàrí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orí kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọmọkùnrin tó ń ran Málàm lọ́wọ́ náà ní tiẹ̀: bí Málàm bá ti kúrò níbẹ̀, kẹ́sẹ́ àti ariwo ló ń lò. Etí Fàrí á lẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ̀kí. Wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, ó ti ń gbọ́.” Ẹ̀rù ló bà á.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gùn ún. Kò sí púpọ̀ láti sọ níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, dúró; yà sí ọ̀tún; ìgbésẹ̀ márùn-ún, padà sẹ́yìn; yà sí òsì. Ẹṣin tí kò mọ ibi tó kàn ló ń ṣọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni Málàm máa ń fún un, ẹ̀yìn náà ló máa ń jẹ́ kó lọ jẹun, àní bí mo ti sanwó wákàtí kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrẹ́jẹ ni. Nígbà tó yá mo rí i pé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, èmi gan-an ni kì í gbọ́ràn mọ́. Èrè tó máa ń gbà ni kí n fi èékánná ha ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn fún un, Málàm ò gbà kí n fún un ní ìrèké lọ́wọ́, ó ní á sọ ọ́ di ajẹnilọ́wọ́. Èmi máa ń fún un nígbà tí Málàm bá ń kírun.

Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, odindi ọjọ́ méjì ni mo dé ọgbà tí mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n ti kó ẹṣin lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ṣàgámù, Fàrí mi wà nínú wọn. Wọn ò pè mí. Wọn ò dá owó ọjọ́ méjì padà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló wá dùn mí jù. Ìlù, ìbọn, èrò, ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé ọmọkùnrin yẹn gbá kẹ́ẹ̀gì òfìfo fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n sì tan orin lórí fóònù. Málàm ní ìyẹn ti tó, “Ṣíkẹ́nàn, Hàjíyà.” Gbogbo ẹni tó bá ti dé Ojúde Ọba rí mọ̀ pé kò tó. Láti 2024 tí àwòrán ọdún náà ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn tó ń gbé fóònù sókè nìkan tó láti lé ẹṣin sígbó.

Mo pe ọmọ àbúrò Bàámi tó ń lu dùndún. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bá mi wá, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ₦20,000 lápò mi. Mo lo ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó dúró lọ́hùn-ún ní ìpẹ̀kun pápá, ó lùlù. Fàrí gbé orí sókè. A ń lù, a ń dúró dè é. Bí etí kan bá ti padà sọ́dọ̀ mi, tí orí rẹ̀ sì wálẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, ìlù dákẹ́. Onílù á wá fi ìgbésẹ̀ márùn-ún sún mọ́ wa. Ní ọjọ́ kẹrin, dùndún ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irù Fàrí, òun ń jẹ koríko. Málàm dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń bi onílù mi léèrè iye tó ń gbà.

Ìbọn ni mi ò rí ẹni bá mi yìn. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí ṣakabùlà àkọ́kọ́ dún, Fàrí fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọ àárín àwọn onífọ́tò, ọ̀kan ju kámẹ́rà sílẹ̀ ó sá. Ọwọ́ mi méjèèjì fẹ́ fa ìjánu bíi pé búrékì ọkọ̀ ni. Mo rántí ẹsẹ̀. Mo dẹ ọwọ́ òsì, mo fi ọ̀tún nìkan yí orí rẹ̀, a yí po lójú kan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, mo ń sọ̀rọ̀ sí i jẹ́jẹ́ bí mo ṣe máa ń ka tábìlì ìṣirò. Etí ọ̀tún kọ sẹ́yìn wá bá mi. Ìbọn kejì dún, ó gbọ̀n, kò rìn. Ìkẹta, etí lásán ló yí. Nígbà tá a dé iwájú, ó ju ìpàkọ́ ju ẹni tó gùn ún lọ.

Tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìjánu hàn yín lẹ́nu ẹṣin kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ bèèrè bóyá ẹṣin yín á lọ síbi ìgbéyàwó láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa yìn ìbọn, ọjọ́ wo, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Málàm fúnra rẹ̀, mo lè fi orí jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ọgbà náà lápapọ̀, máàkì mẹ́fà ni mo fún un, ìrèké ò sì sí nínú rẹ̀.

Wọ́n ti pè mí fún Iléyá tó ń bọ̀, wọ́n ní owó ti di ₦180,000. Mo ní Fàrí ni mo fẹ́, ìjánu fífúyẹ́ ni mo fẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni mo sì máa san. Onílù mi ti mọ ọ̀nà.