Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pá "a ti fà á tẹ́lẹ̀" tí wọ́n ń tà fún àwọn onílé l'Óṣogbo

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tí bíìmù ilé yín ti ń sán, tàbí tí ẹ fẹ́ gbé òkè lé ilé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Ọkùnrin kan ń kiri ilé àwọn onílé láti Ayétòrò dé Òkè-Báálẹ̀, ó ń ta ọ̀pá dúdú tí wọ́n fi ń fún bíìmù lágbára. Ó ní kábọ̀n ni (fọ́nrán kábọ̀n tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ di ọ̀pá), pé wọ́n ti fà á le láti ilé iṣẹ́, kí bíríkìlà ṣáà gbẹ́ ojú kọnkéré, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó parí.

Irọ́ ni! Lára bíìmù gan-an ni wọ́n ti ń fa ọ̀pá yìí. Wọ́n á la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ bíìmù, wọ́n á fi áńkọ̀ (irin tó ń di ọ̀pá mú kó má yọ̀) di orí ọ̀pá méjèèjì, jáàkì á wá fà á títí yóò fi le bí ọsán ìlù gángan, kí wọ́n tó fi epoxy, gọ́ọ̀mù líle, dí kòtò náà. Bí ọ̀pá ṣe ń wá ọ̀nà àtisún padà ló ń fún kọnkéré pọ̀, tí ojú ibi tó sán á fi pa dé. Èyí tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kò fún nǹkan kan pọ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé kì í ṣe kábọ̀n rárá. Màmá kan ládùúgbò wa ti ra tirẹ̀. A fi ayùn gé e: ọ̀dà dúdú lóde, inú funfun ràkọ̀ràkọ̀. Fọ́nrán gíláàsì ni. A fi tẹ́sítà àwọn oníná kan orí rẹ̀ méjèèjì, kò dún. Kábọ̀n ìbá dún, torí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Gíláàsì wúlò láyè tirẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò ṣeé fà gan-an kí èèyàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlànà American Concrete Institute (ACI 440.2R), ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọnkéré ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹrù tí yóò wà lára rẹ̀ títí má kọjá ìdá 20 nínú 100 agbára rẹ̀. Ti kábọ̀n jẹ́ 55. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè dá lọ́jọ́ kan láìtẹ̀ bí irin ṣe ń tẹ̀.

Bí ẹ bá fi òòlù kan bíìmù tó ń ró kòròfo, tí irin inú rẹ̀ ti dógùn-ún, ẹ pe íńjínnìà tó forúkọ sílẹ̀ ní COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ íńjínnìà ní Nàìjíríà, ná. Kò sí ọ̀pá tó máa di ara kọnkéré tó ti jẹrà mú.

Bí ọkùnrin náà bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kó gbé jáàkì àti áńkọ̀ wá. Nígbà tí a bi í, ó ní òun gbàgbé wọn sínú mọ́tò, ó ní òun ń bọ̀. Àtìgbà náà ni nọ́ńbà rẹ̀ kò ti lọ mọ́.