Discord fún àwa tó fẹ́ràn gémù, fóònù àti yẹ̀yẹ́: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ, kí ẹni tó ń kánjú lè tètè máa lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gémù, ọ̀rọ̀ fóònù àti yẹ̀yẹ́ lẹ fẹ́ máa bá àwọn ẹgbẹ́ yín sọ, Discord, ìyẹn áàpù tá a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ síra wa tá a sì tún fi ń fẹnu sọ̀rọ̀, dáa ju gúrúùpù WhatsApp lọ fíìfíì, ẹ má bá mi jiyàn. Àmọ́ ohùn ló jẹ́ kó dáa o, kì í ṣe títẹ̀. Ẹni tí kò bá ní máa wọ yàrá ohùn, ìyẹn ibi tá a ti ń fẹnu sọ̀rọ̀, kó jókòó sórí WhatsApp ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọdún 2015 ni Jason Citron àti Stan Vishnevskiy gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, tìtorí àwọn tó ń gbá gémù ni wọ́n sì ṣe ṣe é, kí wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn lọ. Àwa tá a ti lo 2go rí, áàpù ìtàkùrọ̀sọ ayé àtijọ́ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sun dátà lóru torí kẹ́ ẹ lè di Ultimate, ipò tó ga jù níbẹ̀, mo rí yín o) ti mọ̀ nípa yàrá yàrá tipẹ́. Ohun tí WhatsApp gbà lọ́wọ́ wa gan-an nìyẹn. Gúrúùpù kan lè gba èèyàn 1,024, gbogbo wa wá ń sọ̀rọ̀ lójú kan náà: ẹnì kan ń béèrè ìdí tí bátìrì fóònù òun fi wú, ẹnì kejì ju fídíò apanilẹ́rìn-ín sí i, kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín tán ìkéde ìsìnkú bàbá ẹnì kẹta ti balẹ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi "hahahaha" ránṣẹ́ wá di aláìláàánú láàárín ìdílé. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi voice chat sí gúrúùpù WhatsApp láti 2023, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo náà ni gbogbo ilé máa pín.

Lórí Discord, server tiwa (ìyẹn bí ilé tí ẹgbẹ́ kan ní níbẹ̀) ní yàrá #gémù, ó ní #fóònù-àti-kọ̀ǹpútà, ó ní #yẹ̀yẹ́, ó tún wá ní #ẹjọ́, ibi tá a máa ń lé àwọn tó bá ń jà lórí Android àti iPhone lọ kí wọ́n lọ para wọn síbẹ̀. Oyè náà wà, a sì fi èdè wa pè é: Àlejò, Ọmọ-ilé, Jagun, Baálẹ̀, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ṣeréṣeré lásán, torí oyè tó o ní ló ń sọ yàrá tó o lè rí. Àlejò ò rí ju yàrá kan lọ títí Baálẹ̀ á fi gbà á sílé, ọ̀pọ̀ àwọn oníjìbìtì ibẹ̀ ló ti ń padà sẹ́yìn. A tún ní AutoMod, ìyẹn nǹkan tó ń dá èébú dúró kó tó jáde, èébú Yorùbá la sì kọ́ ọ, èyí tó ní àmì àtèyí tí ò ní, torí ẹni tó fẹ́ bú ẹ ò ní dúró wá àmì sí i.

Ẹ jẹ́ n wá dé ibi ohùn. Kò sí pé fóònù ń dún, kò sí pé ẹnì kan ń pe ẹnì kan. Yàrá wà níbẹ̀, o rí orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀, o tẹ̀ ẹ́, o ti wọlé nìyẹn, tó bá sú ẹ o jáde, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé kí ló dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí, àwọn mélòó kan ń gbá Call of Duty Mobile, àwa tó kù ń jiyàn lórí iPhone tòkunbọ̀ tí ẹnì kan fẹ́ rà ní Computer Village, tí wọ́n ní bátìrì ẹ̀ ṣì wà ní 100%, fóònù tó ti lo ọdún mẹ́rin nílùú òyìnbó, ta lẹ fẹ́ tàn? Ibi tá a ti ń pariwo la ti gbọ́ ohùn màmá àgbà kan láti inú máìkì ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá gémù: "Ta lò ń bá jà lóru yìí?" Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ni. "Ọ̀rẹ́ dà? Mi ò rẹ́nì kankan." Àfi bí gbogbo wa ṣe fi ohùn kan náà kí wọn, "Ẹ kú alẹ́ mà!" Màmá pariwo, "Yéè! Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú nǹkan yìí?" Wọ́n wá gba fóònù, wọ́n ní ká máa dárúkọ ìlú wa níkọ̀ọ̀kan, nígbà tó kan ẹni tó ní Ọ̀fà lòun, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọmọkùnrin náà dákẹ́ lọ gbári, ó kù díẹ̀ kó sunkún. Wọ́n ti pa àwọn tiwa tán nínú gémù, kò sẹ́ni tó rí ti gémù rò. Ẹ fi títẹ̀ ṣe ìyẹn kí n wò ó.

Ohun tó tún ń wú mi lórí ni Krisp tí wọ́n fi ń dín ariwo kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ mọ bó ṣe máa ń dún bí ẹni ń lọ ata sétí èèyàn. Ẹnì kan nínú wa gbé tiẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, ó tan Krisp, kò sẹ́ni tó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́. A ní irọ́ ló ń pa. Ó pa Krisp náà kó lè fi hàn wá, gbogbo wa ní kó yáa tún tàn án padà.

Dátà ńkọ́? Kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ mọ bó ṣe ń lọ. 64 kbps (ìyẹn bí dátà tí ohùn ń jẹ ṣe pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni yàrá ohùn máa ń wà tẹ́nì kankan ò bá fọwọ́ kàn án. Tẹ́nì kan bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, bíi MB 29 nìyẹn. Ohùn kálukú ló sì ń wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó túmọ̀ sí pé tí èèyàn mẹ́ta bá jọ ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ìlọ́po mẹ́ta ló ń lọ, tí gbogbo ilé bá sì dákẹ́, díẹ̀ báyìí ló ń jẹ. Ẹni tó ni server lè wọ inú sẹ́tìnì yàrá náà kó sọ bitrate, ìyẹn iye kbps yẹn, kalẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀ tó 8, àmọ́ ẹ má débẹ̀ o, ẹ máa dún bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ti ń kú. 32 la fi tiwa sí, a ń gbọ́ra wa dáadáa. Ohun tó máa run dátà yín ni kẹ́ ẹ máa fi ojú fóònù yín hanra yín, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ní Wi-Fi.

Nitro, ìyẹn èyí tí wọ́n ń sanwó fún, mi ò rí ìdí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wa. Dọ́là 9.99 lóṣù ni iye tí wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà, èyí tó kéré wà ní 2.99. Káàdì náírà mi ò tiẹ̀ gbà, báǹkì mi (mi ò ní dárúkọ wọn) kàn ń fi "ẹ má bínú" ránṣẹ́ ṣáá ni, ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham ní London ló bá mi san án. Kí ni mo rí níbẹ̀? Fáìlì tó tó MB 500 lè kọjá, lẹ́tà 4,000 dípò 2,000, mo sì lè gbé emoji server wa lọ síbòmíì. Emoji yẹn ni mo gbádùn jù, torí ojú àwa fúnra wa la fi ṣe é. Àmọ́ mi ò san án mọ́. Ibi tí ọ̀fẹ́ ti ń dunni ni pé MB 10 péré ni fáìlì tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́, ó jẹ́ 25 tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín in kù ní 2024, ọ̀pọ̀ fídíò yẹ̀yẹ́ ni ò sì lè kọjá. Ẹ gé e, àbí kẹ́ ẹ kàn fi líǹkì síbẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fún yín ní Nitro ọ̀fẹ́, olè ni, ó tán. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń ní kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà yẹ QR wò: bẹ́ ẹ bá fi Discord yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́ ẹ sì gbà á láyè, àkáǹtì yín ti ṣí lọ́wọ́ wọn nìyẹn, kóòdù ìkejì tẹ́ ẹ fi sí i (èyí tí wọ́n ń béèrè lẹ́yìn password) ò ní gbà yín torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ má sì fi nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì sí ibi títẹ̀, torí wọn ò ti ọ̀rọ̀ títẹ̀ pa láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí bí WhatsApp ṣe ń ṣe. Ọmọ tí ò bá tíì pé 13, òfin wọn ò gbà á láyè.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ tètè tẹ àmì server mọ́lẹ̀, ẹ lọ sí Notifications, ẹ mú èyí tó ní @mentions nìkan, ìyẹn kó máa dún kìkì tẹ́nì kan bá dárúkọ yín. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará #ẹjọ́ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn.