Autoclave (ẹ̀rọ tó ń pa kòkòrò àrùn) àbí insinẹrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń sun ìdọ̀tí): èwo la fẹ́ lò fún ìdọ̀tí ọsibítù?
Ká sọ tòótọ́, kò sí kòkòrò àrùn tó lè dúró níwájú insinẹrétọ̀ tó gbóná ju 850°C lọ, ẹ̀yà ara tí wọ́n gé níbi iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ ló yẹ kó lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá ń da rọ́bà PVC sí i, èéfín ẹ̀ máa ń gbé májèlé kan tó ń jẹ́ dioxin jáde, ìyẹn sì ń fa jẹjẹrẹ. Autoclave ní tiẹ̀, oru omi ló ń lò, 121°C fún bí 30 ìṣẹ́jú, kò séèfín, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó bá jáde níbẹ̀ ṣì lè gún èèyàn o, ẹ ṣì máa wábi dà á sí (ẹ má sì ki báàgì kún jù, oru ò ní wọnú ẹ̀). Fún báńdéèjì àti ìgò ẹ̀jẹ̀, autoclave lèmi máa mú.