Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà: oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú máíkírósíkóòpù tí mo fi ń wo inú irin

Ọjọ́ kẹta tí ẹrù yìí dé ọwọ́ mi ni mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó tà á fún mi pé kí wọ́n wá gbé e. Mo ní lẹ́ńsì rẹ̀ kò dára. Irin tí mo gbé síbẹ̀ rí bí ìgbà téèyàn ń wo ilẹ̀ nínú kùrukùru: kò sí hóró kéékèèké tí irin fi para pọ̀, kò sí ààlà láàárín wọn, ilà wúruwùru ló kún ojú rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ rèé, lẹ́ńsì yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀. Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dán irin.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ohun tó jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra èyí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ewé, wọ́n á wá máa bínú. Ti ẹ̀jẹ̀, ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń wá, á gba inú ohun tí à ń wò kọjá sí ojú wa. Iná kò lè gba inú wàyà tàbí ìṣó kọjá. Nítorí náà, lẹ́ńsì kan náà tí a fi ń wò ó ni iná inú ẹ̀rọ yìí ń gbà dé ara irin, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà padà. Ibi tó tẹ́jú á funfun. Ibi tó bá jin kòtò, bó ti wù kó kéré mọ, á da ìmọ́lẹ̀ nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúdú. Gbogbo àwòrán tí à ń rí nínú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́ńsì mẹ́rin ló wà lára tèmi: 5, 10, 20 àti 50. Èyí tí à ń fi ojú sí jẹ́ 10, nítorí náà ó ń sọ nǹkan di ńlá láti ìlọ́po 50 dé 500. Bí mo bá ti mú àwòrán gún régé lórí 10, tí mo yí i sí 20, ọwọ́ díẹ̀ báyìí ni mo máa fi kàn án kó tó tún mọ́lẹ̀. Irú tí lẹ́ńsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni: a ó da ojú irin dé orí pèpéle, lẹ́ńsì á máa wò ó láti abẹ́. Ẹni tó bá ti fi amọ̀ gbé irin ró rí kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú á mọ ìdí tí inú mi fi dùn sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí dídán. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu ojú kan, ó ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Èmi náà lu ojú kan yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé ìlànà tó bá ẹ̀rọ náà wá kò ju ewé méjì lọ, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ń fo sánpépà (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe ń kúnná tó), láti 240 mo ti bọ́ sórí aṣọ ìdánrin, mo sì ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé irin náà ń fà bí òróró, ó ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí, àmọ́ awọ lásán ni mò ń wò.

Ní báyìí, 240, 400, 600, 1200, pẹ̀lú omi. Ní sánpépà kọ̀ọ̀kan mo máa ń yí irin náà kó dábùú, n kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí ilà ti tẹ́lẹ̀ á fi tán. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì lórí aṣọ, máíkírọ́ọ̀nù 6, lẹ́yìn náà 1. (Máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimítà.) Irin tó bá dán dáadáa kì í fi nǹkan kan hàn, funfun báláú ni. Ásíìdì ló ń tú àṣírí: náítíríìkì ìdá 2 nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí) ìdá 98, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí a fi ọtí ṣàn án, kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i. Inú ọtí ni kí ẹ máa da ásíìdì sí díẹ̀díẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú yín, ẹ má sì dé ìgò rẹ̀ pinpin.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó jáde dáadáa, mo pariwo. Irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tó 0.2% ni, irú èyí tó rọ̀. Hóró fẹ́ráìtì (irin tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò tó nǹkan) funfun-funfun tò mọ́ra bí ilẹ̀ tó sán ní ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ́láìtì (ibi tí kábọ́ọ̀nù kó jọ sí) sì wà láàárín wọn bí àbàwọ́n dúdú. Mo yí i sí 50, àbàwọ́n náà là: ilà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan le. Àwọn kan kò là o. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Lẹ́ńsì 50 tèmi kò lè ya ohun méjì tí àárín wọn kò tó bíi máíkírọ́ọ̀nù 0.4, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ààlà síbẹ̀.

Mo wá mú irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tó 0.8%, mo gé e sí méjì, mo mú méjèèjì gbóná kọjá 727°C títí wọ́n fi pọ́n. Mo bo ọ̀kan mọ́ eérú kó tutù fúnra rẹ̀, mo sọ èkejì sómi. Èyí tó wà nínú eérú di pẹ́láìtì kìkì. Èyí tó bọ́ sómi rí bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n dà sílẹ̀, fáìlì tí à ń fi ha irin kò sì ràn án mọ́. Máténsáìtì nìyẹn, orúkọ Adolf Martens ará Jámánì ni wọ́n fi pè é. Kábọ́ọ̀nù kan kò wọlé, ọ̀kan kò jáde; bí wọ́n ṣe tutù nìkan ló yàtọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí Henry Clifton Sorby, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ásíìdì àti máíkírósíkóòpù wò ó ní Sheffield ní 1863.

Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àwo (cast iron), ẹ má tilẹ̀ fi ásíìdì sí i. Gíráfáìtì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó dá wà nínú rẹ̀, hàn ketekete bí ìdin dúdú, ẹ ó sì rí ìdí tó fi ń ṣẹ́ káká. Èyí tí wọ́n fi magnẹ́síọ̀mù sí, gíráfáìtì rẹ̀ ká roboto, ó sì ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́.

Ohun tó bí mi nínú ni kámẹ́rà. Àwòrán rẹ̀ tóbi rẹpẹtẹ, àmọ́ ohun tí ojú mi kò rí, òun náà kò rí i. Èyí tó burú jù ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Orí lẹ́ńsì 10 ni mo ti ṣe é gún. Mo bọ́ sórí 20, kò mọ̀, ó ń pe máíkírọ́ọ̀nù 50 ní 100. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kọ irọ́ sínú ìwé mi kí n tó gbé dígí òṣùwọ̀n sábẹ́ rẹ̀, milimítà kan tí wọ́n pín sí 100. Ètò kọ̀ǹpútà tó ní òun lè ka hóró fúnra rẹ̀ ń ka ilà sánpépà pọ̀ mọ́ ààlà. Ọwọ́ ni mo fi ń kà á báyìí.

Wọ́n tún fi àlẹ̀mọ́ kan sí i tó ń to ìmọ́lẹ̀ kó máa mì sí ìhà kan ṣoṣo (polarizer). Lórí irin àti bàbà, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé síǹkì tàbí taiténíọ̀mù síbẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé inú lẹ́tà yẹn náà.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Kámẹ́rà ló jẹ ọ̀kan tó kù.