Ìwé Jagunjagun Tí Kò Léèpo

₦800 ni mo ra ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ àlòkù ìwé sílẹ̀ nítòsí Fájuyì, ní Adó-Èkìtì. ₦1,000 ló kọ́kọ́ pè é. Mo ní kò léèpo, ojú ìwé mẹ́jọ àkọ́kọ́ ti já dànù, kí ló wá ń tà gan-an? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ogun inú ẹ̀ ṣì pé." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n sanwó.

Nítorí náà, ẹ má bi mí ní orúkọ ìwé tàbí ti ẹni tó kọ ọ́. Télọ̀ ni mí ní Ajílósùn, ìgbà tí wọ́n bá múná lọ ni mo ń ráyè kàwé. Ìtàn àròsọ èdè Òyìnbó ni. Ejò abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu wà níbẹ̀, àwọn oṣó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣèpàdé ṣáá (ibẹ̀ ni mo ti ń fo ojú ìwé). Orúkọ jagunjagun inú rẹ̀ kò ṣeé pè, Balógun ni mo sọ ọ́.

Balógun yìí ló pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun ìlú kan, torí wọ́n ti parọ́ fún un pé kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ àfi ọ̀tá. Nígbà tó wọ̀lú, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣì ń hó lórí ààrò. Òǹkọ̀wé kò ka òkú kankan fún wa. Ìkòkò yẹn ló fi hàn wá, ó sì kọjá lọ. Láti ibẹ̀ ni Balógun ti ń já wálẹ̀: ó ta idà rẹ̀, ó sọ ọtí di oúnjẹ, ó di ẹni tí olówó ń háyà láti lọ dẹ́rù ba àgbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ń jẹun ní abúlé kan, alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin, kí a tó wí kí a tó fọ̀, ó ti wà lábẹ́ tábìlì, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Mo pa ìwé dé, mo gbé e sórí máṣìnnì.

Àbúrò bàbá mi lọ sógun Bìáfrà. Ọdún 1970 ló padà sí Ìfàkì, ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé, gbogbo ilé jó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé Èkìtì, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìró odó ni. Kí wọ́n tó sọ ọmọ odó lẹ́ẹ̀kejì, bàbá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti fọwọ́ bo orí. Ìyàwó rẹ̀ a máa ru iṣu sísè lọ sí ẹ̀yìnkùlé tó jìnnà, á gún un níbẹ̀, á wá bò ó wálé. Ọmọ Èkìtì tí kò lè gbọ́ ìró odó! A fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé yìí mọ̀ pé nídìí oúnjẹ lásán ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti máa ń ká èèyàn mọ́.

Ọmọbìnrin kan tún wà tó yè nínú ìlú tó jóná. Kò dárí ji Balógun, kò sì bú u. Ìkòkò yẹn ló gbé fún un pé kó máa fọ̀, lójoojúmọ́, èédú kò sì tán lára rẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni ìwé ti lọ, mi ò bá máa pọ́n ọn fún gbogbo Adó.

Ṣùgbọ́n òrìṣà kan yọ nínú omi. Balógun wẹ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n dákẹ́, oorun dé, ó gbé idà, ó pa ejò. Ojú ìwé méjì péré! Ìkọ́gọ̀sì kò jìnnà sí wa, omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí, ẹsẹ̀ ríro ló lọ. Ogun Kírìjì pàápàá, 1877 ni àwọn baba wa wọ̀ ọ́, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ogun ká.

Bàbá tiwa kò rí òrìṣà. Lọ́jọ́ kan tí ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ ọmọ, ó gún iyán náà fúnra rẹ̀. Kókó kún inú rẹ̀, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọmọ odó bá wà lọ́wọ́ òun, òun mọ ìgbà tí yóò dún. Láti ọjọ́ náà òun ló ń gún un, á máa wí lábẹ́ ohùn pé, "Mo wà n'úlé, mo wà n'úlé." Odó ẹlòmíì ṣì ń lé e wọlé títí ó fi lọ.

Bí ẹ bá rí ìwé tó ní ìkòkò tó ń hó lórí ààrò, ẹ rà á, àmọ́ ẹ má san ju ₦800 lọ. Tèmi wà lọ́wọ́ ọmọ bàbá yẹn. Mo ní kó dúró kó tó dé ibi omi, kò gbọ́. Lálẹ́ àná ló pè mí. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ejò tàbí idà. Ó ní, "Àǹtí, ta ló wá fọ ìkòkò yẹn tán?"