Ìwé Mẹ́rin Lórí Ọ̀rọ̀ Sùúrù: Èwo Lẹ Máa Fi Owó Yín Rà?

Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn mí lọ sílé ọkọ ní Kétu, ẹnu mẹ́ta ni mo ti gbọ́ "ṣe sùúrù" kí n tó dé ẹnu ọ̀nà: ẹnu bàbá mi, ẹnu ìyá bàbá mi, àti ẹnu ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Nígbà tí mo ka Les Impatientes, tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ní Maroua, ní àríwá Kamẹrúùnù, mo gbé ìwé náà lé orí tábìlì, mo dìde, mo lọ mu omi. "Munyal" ni wọ́n ń pè é ní èdè Fúlàní. Sùúrù náà ni.

Ilé ìránṣọ ni mo ní báyìí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Benin, lápá ọjà Ouando. Ọmọṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti mú, tí oníbàárà ò wọlé mọ́, mo máa ń ka ìwé sí wọn létí. Tó bá jẹ́ Faransé, mo máa ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ, nítorí méjì nínú wọn ò pẹ́ níléèwé. Bí mo ṣe ń mọ ìwé tó múná dóko nìyí: tí ẹsẹ̀ wọn bá dúró lórí ẹ̀rọ, tí ilé dákẹ́, ìwé ti mú wọn. Ìwé mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí, gbogbo wọn ló dá ẹ̀rọ dúró. Ṣùgbọ́n owó ò sí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn láti ra mẹ́rin, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ni ìwé kọ̀ọ̀kan yẹ.

Mẹ́ta nínú wọn, Faransé lẹ máa bá wọn lórí àtẹ níbí: Une si longue lettre tí Mariama Bâ, ọmọ Senegal, kọ ní 1979; Les Impatientes ti Djaïli Amadou Amal, ọmọ Kamẹrúùnù, tó jáde ní 2020; àti Reste avec moi ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, tó ti kọ́kọ́ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2017. Ẹ̀kẹrin, Yorùbá pọ́ńbélé ni: Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974. Orogún, ìyá ọkọ, ọmọ tí wọ́n ń retí àti ọkùnrin tí kò mọ èyí tó fẹ́ ló kún inú wọn. Gbogbo wọn ló sì dáhùn ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn lọ́nà tirẹ̀.

Les Impatientes àti Une si longue lettre

Méjèèjì yìí ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn, torí pé Mùsùlùmí ni àwọn obìnrin inú wọn, ìyàwó kejì ló sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọn ò jọra rárá.

Nínú Les Impatientes, obìnrin mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀, oníkálukú ní apá tirẹ̀. Ramla, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fẹ́ kàwé di apòògùn. Aminou tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, àmọ́ Alhadji Issa, ọlọ́rọ̀ ẹni àádọ́ta ọdún, ni wọ́n fà á fún. Hindou, tí òun àti Ramla jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan, bọ́ sọ́wọ́ Moubarak, ìbátan rẹ̀, ọ̀mùtí tó ń lù ú bí ẹni lu bàrà. Ẹ̀kẹta ni Safira, ìyáálé tí Ramla bá nílé.

Apá Safira yìí ni mo fi ra ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún àbúrò mi ní Sábẹ̀. Nínú eré àti ìtàn tiwa, ìyáálé ló máa ń jẹ́ ìkà, òun ló ń bu májèlé sọ́bẹ̀. Safira náà ṣe ibi: ó ń sá tọ oníṣègùn kiri, ó ń ná owó bí omi, ó sì ń dẹ pàkúté fún ọmọ kékeré tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Ẹ máa bínú sí i, ẹ sì máa rí ibi tí ọgbẹ́ ti wá. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi ní, "Tàǹtí, ìyáálé yìí mà burú o." Ó rán ìlà kan, ó dúró. "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà." Mo mọ̀ pé ilé olórogún ni ìyá rẹ̀ wà.

Faransé inú rẹ̀ rọrùn, ẹni tó ka ìwé dé kíláàsì kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lè kà á tán. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ọkùnrin kan nínú rẹ̀ tí a rí ọkàn rẹ̀. Bàbá ń pàṣẹ, ọkọ ń lù, ó parí. Ibòmíràn sì wà tí òǹkọ̀wé ń wàásù, bẹ́ẹ̀ ìtàn ti sọ ọ́ tán láìjẹ́ pé ó là á lẹ́nu. Ó gba ẹ̀bùn Goncourt des lycéens ní 2020, àwọn ọmọ lísè nílẹ̀ Faransé ló sì ń yan ẹni tó ń gba ẹ̀bùn yẹn, torí náà àwọn òbí kan rò pé ìwé ọmọdé ni. Kì í ṣe ìwé ọmọdé. Alẹ́ ìgbéyàwó Hindou le ju ohun tí ọmọ ọdún méjìlá lè gbé sọ́kàn lọ. Ẹ fúnra yín kọ́kọ́ kà á.

Une si longue lettre kéré ju u lọ, ó sì wúwo jù ú lọ. Lẹ́tà ni látòkè délẹ̀. Ramatoulaye, opó tó wà nínú ìdèlé, tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ilé, ń kọ̀wé sí Aïssatou ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti ọmọ méjìlá ló wà láàárín òun àti Modou ọkọ rẹ̀, kí Modou tó lọ fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ ọmọ wọn Daba. Ramatoulaye dúró. Aïssatou, tí ọkọ tirẹ̀ náà gbé ìyàwó kejì wálé, kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì jáde. Ohun tó mú kí n gbé Mariama Bâ ga ju àwọn yòókù lọ nìyí: kò sọ fún wa èwo ló gbọ́n jù. Ẹni tó ṣe sùúrù àti ẹni tí kò ṣe é ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ títí dé òpin, wọn ò dá ara wọn lẹ́jọ́.

Ẹ wá wo ibi tí Tamsir, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ti wá ṣú u lópó lọ́jọ́ ogójì. Kò béèrè, ńṣe ló ń fi tó o létí. Ohùn tí Ramatoulaye ti gbé mì fún ọgbọ̀n ọdún bú jáde lójú gbogbo wọn. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúró lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà kan tó wá gba bùbá rẹ̀ náà sì jókòó sórí àpótí títí mo fi kà á tán.

Faransé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó ń kó ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀. Ojú ìwé márùn-ún lójúmọ́ ti tó. Òun ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Noma, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìwé ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1980. Mariama Bâ kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Reste avec moi

Èyí ni ìwé tí mo rò pé Yorùbá ilẹ̀ Benin máa kà bí ìròyìn ilé aládùúgbò. Iléṣà ni Yejide ti ń ṣe irun nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ológun wà ní Nàìjíríà. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí oyún. Lọ́jọ́ kan àwọn mọ̀lẹ́bí kó ara wọn wá sí pálọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan. Yejide ti ṣe wọ́n lálejò tán kó tó yé e pé ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún Akin ọkọ rẹ̀ ni Funmi.

Faransé ni mo fi kà á, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo ń gbọ́. Moomi, Iya Bolu, àlọ́ Olúrónbí: tí mo bá ń yí i padà fún àwọn ọmọ, kì í pẹ́, àfi bíi pé mo ń dá ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ibi tí Yejide ti fa ewúrẹ́ funfun gun òkè lọ bá wòlíì nítorí ọmọ, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé mi, torí kò sí ẹni tí kò mọ obìnrin kan tó ti gun irú òkè bẹ́ẹ̀.

Níhìn-ín, ọkùnrin náà ní ẹnu. Akin ń sọ tirẹ̀, ó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀, èmi ò sì ní tú u fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti ka Les Impatientes tẹ́ ẹ sọ pé ọkùnrin ò rí sọ níbẹ̀, èyí ló kàn. Ohun tí mo rí sí i ni pé àṣírí pọ̀ jù. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ìkan ò tíì jinlẹ̀ lọ́kàn kí òmíràn tó já lù ú. Ẹ má sì rà á ṣe ẹ̀bùn fún obìnrin tó ń retí ọmọ lọ́wọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń múra ìgbéyàwó ló yẹ kó kà á, lọ́kùnrin lóbìnrin, pàápàá nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ SS, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó wà nínú rẹ̀.

Ó Le Kú

Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ni ìyá rẹ̀ ń yọ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wá. Àṣàkẹ́, Lọ́lá, Ṣadé: ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn. Àwọn obìnrin yìí ni Àjàní ń fi sùúrù wọn ṣeré, wọn ò sì ní apá tiwọn láti sọ tẹnu wọn bíi Ramla. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nípa rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá inú rẹ̀! Ọ̀rọ̀ ń yọ̀ lẹ́nu bí ilá, ẹ̀rín kún un kí ẹkún tó dé. Àwọn tó rí fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe ní 1997 mọ ìró kúkúrú àti bùbá tó gbayé kan lẹ́yìn rẹ̀. Di òní ni wọ́n ṣì ń wọlé wá bá mi pé "ẹ rán olékú fún mi", púpọ̀ wọn ò sì mọ̀ pé ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ará Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tó bá jẹ́ kíláàsì àwọn àgbà lẹ ti kọ́ Yorùbá kíkà pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wa, ɛ àti ɔ, kp àti sh ló mọ́ yín lójú. Ẹ máa bá ẹ, ọ, p àti ṣ nínú ìwé Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló gba ọmọṣẹ́ mi láti bá a mu, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Nípa owó àti rírà

Iye tí èmi san rèé: Une si longue lettre àlòkù, 1,500 sẹ́fà, Les Impatientes oníwọ̀n kékeré, tuntun, 6,000, Reste avec moi wọ́n jù wọ́n lọ. Ó Le Kú, ẹni tó ń ná ọjà Ìdí Ìrókò ni mo bẹ̀ kó bá mi gba Ìgòlò mú un bọ̀, náírà ni mo sì san. Bí owó bá há, ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ lọ wò bóyá èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú àpò.

Tí mo bá ní owó ìwé kan ṣoṣo lónìí, Une si longue lettre ni máa rà, nítorí mo ti kà á nígbà mẹ́rin, kò sì tíì tán. Fún ilé tí wọ́n ti ń ka ìwé síta bíi tèmi, Reste avec moi ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àdàkọ. Ọ̀kan tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà, èèpo rẹ̀ ń dán, àmọ́ láti ojú ìwé 64 ló fò bọ́ sí 81. Àwọn ọmọ ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń retí ohun tó kàn, mi ò rí nǹkan kan kà fún wọn. Ẹni tó tà á fún mi ò gbà á padà. Láti ọjọ́ yẹn, níwájú ẹni tó ń tà á ni mo ti máa ń ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí mo ń fi ìka ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó tú owó nídìí ìró.