Àrọ̀, ẹpìyà àti òkú Èkó lójà Òṣogbo: èwo lọ̀rá rere wà nínú rẹ̀?

Ẹni tó bá dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja n'Ígbọ̀nà tàbí l'Ọ́jà Ọba máa bá àrọ̀ òòyè tó ń fi ìrù lu báàfù pàpàpà, àrọ̀ kíká tí wọ́n ti yan gbẹ, àti òkú Èkó nínú páálí pẹ̀lú yìnyín lára. Ẹpìyà náà máa ń yọjú. Gbogbo wọn ni wọ́n máa ní ó dára fún ọkàn, torí omega-3, ọ̀rá rere inú ẹja, ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé. Irọ́ kọ́, àmọ́ ó ku ibì kan. Àrọ̀ ní irinṣẹ́ tó lè fi ṣe ọ̀rá yìí fúnra rẹ̀. Titus, ìyẹn òkú Èkó, kò fi bẹ́ẹ̀ ní in, síbẹ̀ Titus ló ní ọ̀rá náà lára jù. Oúnjẹ tí ẹja jẹ ló fà á, òun náà ló sì yẹ kí owó yín tẹ̀ lé.

(Ẹja odò Ọ̀ṣun tó ń wẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun kò sí nínú àyẹ̀wò yìí. Ìlú tí orúkọ oyè ọba rẹ̀, Àtáọ́ja, ti inú títẹ́ ọwọ́ gba ẹja jáde mọ ẹja tí wọ́n ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń bọ.)

Àrọ̀ òòyè: 3 nínú 5

Ẹ wo ọ̀rá bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Kábọ́ọ̀nù ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìlẹ̀kẹ̀ méjì, ó lè jẹ́ okùn lásán, ó sì lè jẹ́ kókó. Kókó yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá dì bí òrí. Tí ẹ bá kà á láti ìdí, tí kókó àkọ́kọ́ sì bọ́ sí ìlẹ̀kẹ̀ kẹta, omega-3 nìyẹn. Tó bá bọ́ sí ẹ̀kẹfà, omega-6 ni. Ọ̀rá tí ewéko ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní ALA, ní ìlẹ̀kẹ̀ 18 àti kókó 3. Àwọn tí ọkàn, ọpọlọ àti ojú ń wá gùn jù ú lọ: EPA ní ìlẹ̀kẹ̀ 20 àti kókó 5, DHA ní 22 àti kókó 6.

Nínú ara àrọ̀, jíìnì (ìlànà iṣẹ́ tí ẹja jogún) tó ń jẹ́ fads2 ló ń ta kókó, àwọn jíìnì elovl ló sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ méjì-méjì kún un. Tí ALA bá wọlé, fads2 á ta kókó kan sí i, elovl5 á fi ìlẹ̀kẹ̀ méjì kún un, fads2 á tún ta òmíràn, EPA dé nìyẹn. Láti ibẹ̀, elovl5 àti elovl2 á fà á dé 22, elovl2 á tún fà á dé 24, fads2 á ta kókó kẹfà, lẹ́yìn náà ni ara ẹja á wá gé ìlẹ̀kẹ̀ méjì dànù kó tó di DHA. Àfi bí ẹni tó ń ti Òṣogbo lọ Ẹdẹ tó kọ́kọ́ gba Ìkìrun.

Kì í ṣe àròsọ. Àwọn onímọ̀ mú jíìnì àrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, Clarias gariepinus, wọ́n fi í sínú ìwúkàrà, wọ́n sì fi ọ̀rá bọ́ ìwúkàrà náà. Ìwúkàrà kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tó bá yí padà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àrọ̀ ni. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: fads2 kan ṣoṣo ló ń ta kókó méjèèjì tí EPA nílò, elovl2 sì wà níbẹ̀ láti fà á dé ọ̀nà DHA. Ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ wà lára ibi tí àwọn jíìnì náà ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Kí ló wá dé tí kò fi gba 5? Àkọ́kọ́, ọwọ́ àrọ̀ kò dé ìdí ìlẹ̀kẹ̀. Kókó ìdí yẹn, ewéko ló lè ta á. Ẹja kò lè ṣe é, àwa náà kò lè ṣe é. Tí ALA kò bá sí nínú oúnjẹ rẹ̀, fads2 jókòó lásán ni. Ìkejì, omega-6 àti omega-3, fads2 kan náà ni wọ́n ń tò sí iwájú rẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ló máa gba àyè. Ìkẹta, tí EPA àti DHA bá ti wà nínú oúnjẹ ẹja tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ á dín iṣẹ́ àwọn jíìnì náà kù. Tó bá jẹ́ òróró ewéko ló ń jẹ, á tún ràn wọ́n sókè. Àmọ́ rírànsókè yẹn kì í sábà tó láti dí àlàfo tí òróró ẹja fi sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń fi bọ́ ọ. Òróró ẹ̀pà kò ní ALA kan tó ṣe é kà, epo pupa kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òróró sóyà sàn jù, ALA inú rẹ̀ tó nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n omega-6 rẹ̀ lé ní 50, ìyẹn ni pé èèyàn méje ń du ẹnu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àádọ́ta. Àrọ̀ tí ìfun adìẹ àti burẹ́dì tó ti pẹ́ bọ́ yó máa sanra, ikùn rẹ̀ máa kún fún ọ̀rá, owó sì máa wọlé fún ẹni tó sìn ín. Ọ̀rá náà kàn kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń wá ni.

Nítorí náà, ẹ béèrè: "Mọ́mì, kí ni wọ́n fi bọ́ ẹja yìí?" Wọ́n lè dá yín lóhùn pé ẹja lẹ wá rà, ẹ ò wá bá a jẹun. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tún béèrè. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ni adágún náà, òun gan-an ni kí ẹ bi. Ẹni tó bá ń fi oúnjẹ tó ní ẹja lílọ̀ àti òróró ẹja bọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kẹ́yìn kó tó kó wọn, ẹja tirẹ̀ tọ́ sí owó tó gbé lé e. Ẹni tó ń lo sóyà tí wọn kò tíì fún òróró rẹ̀, kó yan án dáadáa kó tó lọ̀ ọ́. Sóyà tútù ń dí ẹja lọ́wọ́ láti lo oúnjẹ inú rẹ̀, kò sì ní dàgbà dáadáa. Oúnjẹ tí wọ́n ti po òróró mọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú ooru, torí á kan.

Ẹ má ṣe fi orí ẹja sílẹ̀ fún ẹlẹ́ja o. Ojú àti ọpọlọ ni DHA máa ń kó jọ sí. Ẹ fi se ọbẹ̀ ata, kí ẹ sì mu omi rẹ̀, torí ọ̀rá tó bá yọ́ jáde, orí omi ló ń léfòó sí. Tí ẹ bá dín in títí tó fi gan, apá kan ọ̀rá ẹja á kúrò sínú agbada, òróró ìdín á rọ́pò rẹ̀.

Ẹpìyà: 2 nínú 5

Jíìnì rẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ni jù. Ẹpìyà kò ní elovl2, ṣùgbọ́n ó ní irú fads2 mìíràn tó lè ta kókó kẹfà nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá wà ní 22, láìdé 24 rárá. Lọ́dún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lára ẹranko eléegun ẹ̀yìn, nínú ẹja òkun kan tó ń jẹ ewé, Siganus canaliculatus. Ẹni tó gba ọ̀nà àbùjá ni ẹpìyà. Àmọ́ ẹran ara rẹ̀ kò lọ́ràá, nítorí náà ohun tó máa kàn yín nínú àwo kò pọ̀.

Òkú Èkó: 5 nínú 5, tí yìnyín kò bá tíì yọ́

Titus kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ewédò tíntìntín inú òkun ló ń ṣe EPA àti DHA, kòkòrò omi á jẹ wọ́n, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, Titus á wá jẹ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ẹja òkun ti sọ elovl2 nù pátápátá. Ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá lójoojúmọ́ kò ní dáná. Nínú gram 100 Titus, EPA àti DHA lè tó gram 2. FAO àti WHO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti ìlera, ní kí àgbàlagbà máa rí ó kéré tán miligram 250 lójúmọ́, ìyẹn ni pé ègé kékeré méjì lọ́sẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn.

Iná ìjọba ló ń ba tirẹ̀ jẹ́. Tí yìnyín ìsàlẹ̀ páálí bá ti para pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, tó tún dì, ó ti yọ́ rí. Ẹ tẹ ikùn rẹ̀: tó bá rì tí kò padà, ẹ fi sílẹ̀. Àwọ̀ ìpẹtà lẹ́bàá ikùn, ọ̀rá tó ti kan ni. Èyí tó léwu jù ni hístámínì tó ń pọ̀ nínú Titus tó bá pẹ́ nínú ooru. Ó lè mú ara yún, kí ojú pọ́n, kí orí fọ́ láàárín wákàtí kan. Sísè kò pa á, díndín kò pa á. Tí ẹnu bá ń ta yín bí ẹni jẹ ata níbi tí ata kò sí, ẹ tu ú dànù.

Àrọ̀ kíká: 2 nínú 5

Kókó tó pọ̀ lára ọ̀rá rere ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí i, nítorí náà ọ̀rá tó dára jù ló ń tètè kan jù. Èyí tí wọ́n yan láàárọ̀ àná kò burú. Èyí tó ti wà lórí àtẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, adùn àti purotéènì nìkan ló ṣẹ́ kù tó níláárí. Ẹ ṣẹ́ ẹ: ó gbọ́dọ̀ dún pàá, kí inú rẹ̀ má tutù. Ẹ gbọ́ òórùn ibi tí orí ti pàdé ara. Tó bá ń run bí òróró àkàrà àná, ẹ dá a padà. Èyí tí ẹ bá rà, inú fíríìsà ni kí ẹ fi sí nínú náílọ̀nù tí ẹ ti fún afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀, kì í ṣe inú agbọ̀n lókè àdògán.